Ìdánwò Ìgbéga Ọlọ́pàá: Ọ̀dọ̀ Ta Ni Kí Wọ́n Ti Kọ́ Ẹ̀kọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í ronú rárá nípa ìdánwò tí àwọn ọlọ́pàá ń ṣe kí wọ́n tó gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Lójú wa, ọ̀ràn abẹ́lé ni, èyí tí ó kan ọlọ́pàá àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó ń jókòó nídìí káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá lóru ọjọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ wa? Ta ni ó ń pinnu bóyá kí wọ́n tì í mọ́lé, tàbí kí wọ́n gba onídùúró rẹ̀ kí ó sì máa lọ sílé? Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá tí ó wà ní Àbújá kò lè sí níbẹ̀. Sájẹ́ǹtì kan tàbí ìnsípẹ́kítọ̀ kan ni ẹ óò bá níbẹ̀, ẹni tí ó ti jẹ́ kọ́ńsítébù rí, tí wọ́n sì gbé ga. Ìmọ̀ òfin tí ó bá gùn dé ipò náà ni yóò fi bá ọmọ wa lò. Nítorí náà, bí ọlọ́pàá bá ń wá ibi tí yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ de ìdánwò, gbogbo ìlú ni ọ̀ràn náà kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni ó fi Ìgbìmọ̀ tí ń rí sí iṣẹ́ ọlọ́pàá múlẹ̀. Òfin ọdún 2001 tí ó to iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ sọ ọ́ kedere pé òun ni yóò máa yan àwọn ọlọ́pàá sí ipò, òun náà ni yóò sì máa gbé wọn ga, àfi Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá nìkan. Nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìgbìmọ̀ yìí àti àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá nípa ẹni tí ó ni agbára láti gba ènìyàn sí iṣẹ́, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ náà ní oṣù Keje ọdún 2023, ó sì dá Ìgbìmọ̀ láre. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní tirẹ̀ sọ pé ọdún 35 ni ọlọ́pàá yóò lò lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí ó lò ó títí yóò fi pé ẹni 60 ọdún, èyíkéyìí tí ó bá ṣáájú.

Láàárín ọdún 35 wọ̀nyí ni kọ́ńsítébù ní láti di kọ́púrà, kí kọ́púrà di sájẹ́ǹtì, kí sájẹ́ǹtì di ìnsípẹ́kítọ̀, kí ó tó lè fojú kan ipò àwọn ọ̀gá. Ẹni tí wọ́n bá pa tì sí ipò kan fún ọdún mẹ́wàá kò lè rí ọdún náà gbà padà mọ́. Owó oṣù rẹ̀ yóò kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò kéré bákan náà, àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì máa pàṣẹ fún un. Bí ènìyàn bá wà nínú irú ìpọ́njú bẹ́ẹ̀, ó rọrùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀKÀSỌ̀ MẸ́TA

Ọ̀nà mẹ́ta ni a mọ̀ tí ènìyàn máa ń gbà gòkè lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀nà kìíní ni pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. A bọ̀wọ̀ fún un, nítorí pé ẹni tí ó bá ti pẹ́ ti rí ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn pẹ́ níbi iṣẹ́ yàtọ̀ sí kí ó mọ iṣẹ́. Ọ̀nà kejì ni lẹ́tà: lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹgbẹ́, láti ọ̀dọ̀ ọlọ́lá kan nínú ìlú, tàbí láti ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí ẹni tí ó wà nípò. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ̀yin náà mọ lẹ́tà tí a ń wí. Ọlọ́pàá tí ó bá fi lẹ́tà gòkè ti di ẹrú ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà. Ní ọjọ́ ìdìbò, ẹni tí ó gbé e ga ni yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, kò ní gbọ́ ohùn òfin. Bí ẹgbẹ́ yín bá sì wà lórí oyè lónìí, ẹ má gbàgbé pé ẹlòmíràn ni yóò wà níbẹ̀ lọ́la, irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ yóò sì ti rí olówó orí tuntun.

Ọ̀nà kẹta ni ìdánwò. Ìdánwò kì í béèrè ọmọ ta ni ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í béèrè ìlú tí o ti wá. Òun ni àkàsọ̀ ẹni tí kò ní ẹnìkan lókè. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ìṣẹ́yìn tàbí ọmọ apẹja láti Ìgbókọ̀dá tí ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá láìní baba ìsàlẹ̀, bí ìdánwò bá jẹ́ òdodo, ó lè fi orí ara rẹ̀ gòkè. Ìdí nìyí tí a fi dunnú pé ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Ìgbìmọ̀ ti ń mú kí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá pàápàá jókòó kọ ìdánwò, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè níwájú Ìgbìmọ̀, kí wọ́n tó gba ìgbéga.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ìwé kọ́ ni ó ń mú olè, pé ọ̀pọ̀ akọni ọlọ́pàá ni kò lè kọ lẹ́tà kan dé ìdí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì jiyàn rẹ̀. Ìgboyà àti ìwà rere kò ṣeé fi bírò díwọ̀n. Ṣùgbọ́n ipò sájẹ́ǹtì yàtọ̀ sí ipò kọ́ńsítébù. Kọ́ńsítébù ń ṣe ohun tí a bá ní kí ó ṣe. Sájẹ́ǹtì ni ó ń sọ ohun tí a ó ṣe. Bí kọ́ńsítébù kan bá ṣi òfin mọ̀, ẹnìkan ni ó ṣẹ̀ sí. Bí sájẹ́ǹtì bá ṣi òfin mọ̀, gbogbo àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò máa ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, wọn yóò sì pè é ní iṣẹ́.

ÒFIN ỌDÚN WO NI WỌ́N Ń KỌ́ NI?

Níbi tí ìdánwò bá wà, àwọn tí ń ta ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ kò ní ṣàìsí. Òmíràn ń kó ènìyàn jọ sí kíláàsì ní ọjọ́ Sátidé. Òmíràn ń kọ́ni lórí fóònù. Òmíràn ń ta ìwé pẹlẹbẹ tí ó kún fún ìbéèrè àti ìdáhùn. Àwọn tí ó dára wà nínú wọn, àwọn tí kò dára náà sì wà. Báwo ni ọlọ́pàá yóò ṣe mọ èyí tí yóò yàn?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó bi wọ́n ni pé: òfin ọdún wo ni ẹ fi ń kọ́ni? Ìbéèrè yìí lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá péré, ọ̀pọ̀ nínú òfin tí ọlọ́pàá fi ń ṣiṣẹ́ ni ó yí padà. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ni ó gba ipò èyí tí àwọn Òyìnbó amúnisìn ṣe ní ọdún 1943. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 la ọ̀nà tí a lè gbà mú ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2023. Lékè gbogbo rẹ̀, Òfin Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015 yí ọ̀nà tí a ń gbà mú ènìyàn padà ní àwọn ilé-ẹjọ́ Ìjọba Àpapọ̀ àti ní Àbújá.

Ẹ wo ohun tí òfin ọdún 2015 yìí sọ. Abala 6 rẹ̀ ní kí ọlọ́pàá sọ fún ẹni tí ó mú pé ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀. Abala 7 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Abala 8 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Òfin àtijọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ fún ọlọ́pàá láyè láti mú ẹni tí kò ní iṣẹ́ tí a lè fojú rí, tí kò sì lè sọ ohun tí ó ń ṣe ní pàtó. Òfin tuntun yọ èyí kúrò pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Bí kíláàsì kan bá ṣì ń lo ìwé tí wọ́n kọ ní ọdún 2005, yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ó tọ́ láti kó àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó lábẹ́ igi lọ sí àgọ́ nítorí pé wọn kò ríṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè kùnà ìdánwò, ìyẹn sì lè jẹ́ àdánù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá yege ńkọ́, tí ó wá di sájẹ́ǹtì? Àwọn ọmọ wa ni yóò jẹ gbèsè náà. A kò tíì gbàgbé oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta káàkiri ilẹ̀ yìí nítorí ìwà ìkà ọlọ́pàá, títí wọ́n fi tú ẹ̀ka SARS ká. Ìmọ̀ òfin nìkan kò lè wo àrùn náà sàn, ṣùgbọ́n àìmọ̀ òfin wà lára ohun tí ó bí i.

Ohun kan tún wà tí kíláàsì rere gbọdọ̀ mọ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ kò rí bákan náà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó kọ́kọ́ ṣe irú òfin tuntun yìí, ní ọdún 2007, kí Ìjọba Àpapọ̀ tó ṣe tirẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ṣe tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin tí ó ka ìwà ọ̀daràn ní ìhà Gúúsù yàtọ̀ sí ti ìhà Àríwá. Ọlọ́pàá tí ó wà ní Ìkẹjà lónìí lè bá ara rẹ̀ ní Sókótó lọ́dún tí ń bọ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni bí ẹni pé òfin kan ṣoṣo ni ó wà láti Èkó dé Sókótó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́nà.

TA NI OLÙKỌ́ NÁÀ, BÁWO NI Ó SÌ Ṣe Ń KỌ́NI?

Ọ̀pọ̀ kíláàsì ni ó máa ń fi orúkọ ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìntì ṣe ìpolówó. Ó dára kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ó mọ ohun tí ojú ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jẹ́ ọ̀gá kò sọ pé ó lè kọ́ni. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ dáadáa pé ẹni tí ó mọ ìṣirò kò fi dandan mọ bí a ti ń fi ìṣirò yé ọmọdé. Kí ọlọ́pàá béèrè fún àyè láti jókòó nínú kíláàsì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó tó san owó. Bí olùkọ́ bá ń ka ìwé sétí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n sì ń dà á kọ, kí ó padà sílé. Ó lè ka ìwé náà fúnra rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ̀kọ́ rere máa ń fi òfin sínú ọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Onílé kan wá sí àgọ́, ó ní ayálégbé òun kò san owó ilé fún oṣù mẹ́fà, ó sì fẹ́ kí ọlọ́pàá lọ gbé e wá. Àpẹẹrẹ kejì: ọlọ́pàá wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé ilé, wọn kò bá a, wọ́n bá ìyá rẹ̀, ọ̀gá kan ní kí wọ́n mú ìyá náà lọ títí ọmọ yóò fi yọjú. Àpẹẹrẹ kẹta: wọ́n mú ẹnìkan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilé-ẹjọ́ sì wà ní ìlú kan náà; títí di ìgbà wo ni wọ́n lè dá a dúró? Abala 35 Òfin Ìpìlẹ̀ dáhùn ìkẹta yìí: bí ilé-ẹjọ́ tí ó ní agbára bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni; bí kò bá sí, ọjọ́ méjì ni, tàbí ìgbà tí ó lé díẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó yẹ.

Ẹni tí ó há abala 35 sórí lásán lè sọ pé «ọjọ́ kan tàbí méjì» kí ó sì gba máàkì. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀ràn kọ́ ni yóò mọ̀ pé ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí òun béèrè ni bí ilé-ẹjọ́ ti jìnnà tó. Bí olùkọ́ bá fi irú ọ̀ràn báyìí síwájú akẹ́kọ̀ọ́, tí ó jẹ́ kí wọ́n jiyàn, tí ó sì sọ ibi tí ẹni tí ó ṣì í ti ṣì í, ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá gbọdọ̀ tún yọjú ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé ohun tí a bi ara wa léèrè léraléra, tí a sì dáhùn láìwo ìwé, ni ó máa ń dúró sínú orí ju ohun tí a kà lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ. Ó yẹ kí wọ́n kọ ìdánwò àdánwò pẹ̀lú aago níwájú, kí wọ́n sì dá ìwé náà padà pẹ̀lú àlàyé, kí ó má ṣe jẹ́ máàkì pupa lásán.

ÈÈLÓ NI Ó LỌ, ÈÈLÓ NI Ó YEGE?

Gbogbo kíláàsì ni ó máa ń fi àwòrán àwọn tí ó yege hàn. A kò tíì rí èyí tí ó fi àwòrán àwọn tí ó kùnà hàn. Níbẹ̀ ni ẹ̀tàn ti máa ń wọlé. Ká ní 200 ènìyàn sanwó sí kíláàsì kan, tí 20 nínú wọn yege. Àwòrán 20 náà yóò kún ògiri, ẹni tí ó bá rí i yóò sì rò pé ibi ìṣẹ́gun ni. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé 180 kùnà. Ká tún ní kíláàsì mìíràn ní akẹ́kọ̀ọ́ 15, tí 10 nínú wọn yege. Àwòrán tirẹ̀ kò kún ògiri, ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó yege níbẹ̀.

Ìyẹn nìkan kò tó. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àwọn tí ó kọ ìdánwò náà jákèjádò bá yege, tí àwọn tí kò lọ sí kíláàsì kankan sì wà nínú wọn, a jẹ́ pé kíláàsì kejì náà kò fi nǹkan kan kún un. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ọlọ́pàá béèrè: mélòó ni ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Mélòó ni ó jókòó kọ ìdánwò? Mélòó ni ó yege? Bí ẹni tí ó ni kíláàsì bá bínú sí ìbéèrè yìí, ó ti dáhùn nìyẹn.

ÌLÉRÍ TÍ Ó YẸ KÍ A SÁ FÚN

Ìlérí kan wà tí kò yẹ kí ọlọ́pàá gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì: kí ẹnìkan wí pé òun mọ ìbéèrè tí yóò jáde, tàbí pé òun mọ ẹnìkan ní Àbújá tí yóò fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí ó yege. Èyí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní «expo». Ọ̀nà méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà lè gbà jẹ́. Bí irọ́ bá ni, owó rẹ̀ ti lọ. Bí òótọ́ bá ni, ó ti di ọ̀daràn kí ó tó di sájẹ́ǹtì, ẹni tí ó ta á fún un yóò sì ní ohun tí yóò fi máa dẹ́rù bà á títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe mú olè láìrántí ara rẹ̀? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò kéré. Kí ọlọ́pàá má ṣe yá owó èlé nítorí kíláàsì. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ tí ó nílò wà ní gbangba: Òfin Ìpìlẹ̀, pàápàá orí kẹrin rẹ̀ tí ó sọ nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, Òfin Ọlọ́pàá, Òfin Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn, Òfin Ẹ̀rí. Ọlọ́pàá márùn-ún tí wọ́n bá da owó pọ̀ ra ìwé mẹ́rin wọ̀nyí, tí wọ́n ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ẹnìkan sì ń bi èkejì ní ìbéèrè, lè sàn ju ẹni tí ó ń sanwó tí ó ń sùn ní ẹ̀yìn kíláàsì lọ. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru kò lè máa lọ sí kíláàsì àárọ̀ kí ojú rẹ̀ sì là. Kí ó yan èyí tí ó bá àkókò iṣẹ́ rẹ̀ mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí fóònù ni. Ibi tí kíláàsì ti wúlò jù ni fún ẹni tí kò ní ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, tàbí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò lágbára tó láti túmọ̀ èdè òfin.

OHUN TÍ A LÈ KỌ́ LÁTI ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a di gbogbo ẹrù náà lé kọ́ńsítébù lórí. Bí kò bá mọ ohun tí wọn yóò bi í, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá kíláàsì ń kọ́ ọ ní ohun tí ó yẹ? Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti jogún ètò ọlọ́pàá wa, ẹ sì jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ṣe nípa èyí. Ní England àti Wales, College of Policing, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, ni a fi ìdánwò ìgbéga sábẹ́ rẹ̀. Bí ó ti rí ní ọdún 2019, ìbéèrè 150 ni ẹni tí ó fẹ́ di sájẹ́ǹtì ní láti dáhùn nínú wákàtí 3, èyí tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 12 fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí yóò di sájẹ́ǹtì ní láti gba 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí yóò di ìnsípẹ́kítọ̀ ní láti gba 65. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ ìwé ìlànà jáde, tí ó ń sọ orí ẹ̀kọ́ tí ìbéèrè yóò ti wá, àti òfin tí ìdánwò ọdún náà yóò dá lé.

Ìdánwò yìí kò sì dá nìkan dúró nígbà náà. Ní ọdún 2019 yẹn, ìpele kejì ni ó jẹ́ nínú mẹ́rin. Ṣáájú rẹ̀, ènìyàn ní láti ti fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ ipò tí òun wà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè darí ènìyàn. Ní ìkẹyìn, wọ́n máa ń gbé e sí ipò náà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè rí i lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó di tirẹ̀ pátápátá. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n dáhùn àwọn tí ń wí pé ìwé kọ́ ni ó ń mú olè: ìwé ní àyè tirẹ̀, ìwà àti iṣẹ́ ọwọ́ sì ní àyè tiwọn.

Àwọn oníkíláàsì pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìwé ìlànà wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ọlọ́pàá lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí kíláàsì ń kọ́ni, kí ó sì mọ̀ bóyá wọ́n bára mu. Ìmọ́lẹ̀ yìí ni ó ń lé àwọn oníjìbìtì. Níbi tí ohun gbogbo bá ṣókùnkùn, ẹni tí ó bá ní òun mọ ọ̀nà ni gbogbo ènìyàn yóò tọ̀ lẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ihò ni ó ń kó wọn lọ.

OJÚṢE OLÚKÚLÙKÙ

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ Ìgbìmọ̀ àti àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá fún kò ju mẹ́rin lọ. Kí ìwé ìlànà ìdánwò, tí ó sọ òfin àti orí ẹ̀kọ́ tí ìbéèrè yóò ti wá, dé ọwọ́ kọ́ńsítébù tí ó wà ní àgọ́ ìletò ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí yóò ti dé ọwọ́ ẹni tí ó wà ní olú ilé-iṣẹ́. Kí a tẹ ìbéèrè ọdún tí ó kọjá jáde, kí ìbéèrè àtijọ́ má ṣe di ọjà òkùnkùn. Kí olúkúlùkù gba máàkì tirẹ̀, kí ẹni tí ó kùnà mọ ibi tí ó ti kùnà. Kí a sì fún ẹni tí ìdánwò rẹ̀ súnmọ́ ní àyè díẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru. Bí ohun mẹ́rin wọ̀nyí bá ti wà níbì kan, kí a mú kí wọ́n dé ibi gbogbo.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ni ó kàwé lọ́wọ́ yín ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí wọ́n tó wọ iṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá padà wá bá yín pé kí ẹ ran òun lọ́wọ́ nípa Gẹ̀ẹ́sì, nípa kíka àyọkà àti dídáhùn ìbéèrè, ẹ má ṣe lé e. Ẹ lè má mọ Òfin Ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ti ń ka ìbéèrè kí a tó dáhùn rẹ̀, ìdajì ìdánwò sì ni ìyẹn. Bí ẹ bá sì ń dá kíláàsì sílẹ̀ fún wọn, ẹ ṣe é bí olùkọ́. Kí ẹ sọ iye tí ó kùnà lọ́dọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń sọ iye tí ó yege.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, láìka ẹgbẹ́ tí ẹ wà sí, ẹ jáwọ́ nínú lẹ́tà. Bí ọlọ́pàá kan bá wá bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun sọ̀rọ̀ lókè, ẹ ra Òfin Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn fún un. Ẹ ti ṣe é lóore ju bí ẹ ti rò lọ, ẹ sì ti ṣe ara yín lóore pẹ̀lú, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí òun náà yóò dúró níwájú káńtà.

Ẹ̀yin ọlọ́pàá tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ yan olùkọ́ tí yóò fi òfin tòótọ́ kọ́ yín, bí ọ̀nà rẹ̀ tilẹ̀ gùn. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìlú ni ó rán yín níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí okùn tí ẹ óò lẹ̀ mọ́ apá jẹ́ ti ìmọ̀, kí ìyá arúgbó tí ó bá wá sí àgọ́ yín lọ́gànjọ́ òru lè padà sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, bí òfin bá ti sọ bẹ́ẹ̀, láìmọ ẹnikẹ́ni, láìsan ohunkóhun.